Onígbáméjì: Ìtàn Iyọ̀, Omi àti Òṣùwọ̀n Nínú Ìtọ́jú Aláìsàn

Bí ó bá ń ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa àìsàn inú, n kò ní bá wọn jiyàn. N kì í ṣe oníṣègùn. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì gbé mi dé ìdí ìtàn yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni onígbáméjì, orúkọ tí àwọn baba wa ń pe àrùn tí àwọn òyìnbó ń pè ní kọ́lẹ́rà. Bí àwọn àgbà ilé wa ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún mi, igbá kan ni a ń gbé sí iwájú aláìsàn fún èébì, a ó sì gbé èkejì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ìgbẹ́. Ẹni tí ó sọ àrùn náà lórúkọ kò sọ ẹni tí ó rán an, kò sì sọ ibi tí ó ti wá. Ohun tí ń jáde lára aláìsàn ni ó wò, ó sì kà á: igbá méjì.

Èrò mi nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni pé ibi tí olórúkọ yẹn dúró sí wo àrùn náà ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn padà wá dúró sí, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún rìn ká. Kí á ka ohun tí ó jáde. Kí á dá a padà bí ó ti tó, àti bí ó ti rí. Gbólóhùn náà kò gùn. Àwọn tí wọ́n kú kí ó tó yé ayé ni wọn kò níye.

Kí ni ó wà nínú igbá méjì náà? Lójú, omi lásán ni. Ìgbẹ́ kọ́lẹ́rà máa ń rí bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Ṣùgbọ́n omi yìí kò dá rìn. Iyọ̀ ara ni ó ń bá a lọ. Àwọn oníṣègùn ń pe irú àwọn iyọ̀ bẹ́ẹ̀ ní electrolyte, ṣùgbọ́n iyọ̀ ara ni n ó máa pè wọ́n níhìn-ín. Sódíọ̀mù ni ó pọ̀ jù nínú omi tí ó wà lóde àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa, pòtáṣíọ̀mù ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, sódíọ̀mù máa ń wà láàárín mílímólù 135 sí 145 nínú lítà kan. Pòtáṣíọ̀mù kì í ju nǹkan bí 3.5 sí 5 lọ. Ẹ wo bí ojú ọ̀nà tí a là fún wọn ti tóóró tó. Bí sódíọ̀mù bá wálẹ̀ púpọ̀, omi yóò ya wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì, ọpọlọ yóò wú, aláìsàn yóò máa sọ ìsọkúsọ, gìrì sì lè gbé e. Bí ó bá gòkè jù, omi yóò sá jáde kúrò nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì, ọpọlọ yóò sì sún kì. Bí pòtáṣíọ̀mù bá dín kù, ẹran ara á rọ, inú á wú gbandi, ìlù ọkàn á sì máa ṣi ẹsẹ̀ gbé. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fi ìkánjú da pòtáṣíọ̀mù sínú iṣan aláìsàn nítorí pé ó kéré lè dá ọkàn náà dúró lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, gbígbé iyọ̀ padà nìkan kò tó. Òṣùwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀. Àgbàlagbà tí kọ́lẹ́rà bá mú gidigidi lè pàdánù omi tí ó tó lítà kan láàárín wákàtí kan.

Mo mọ igbá yìí kí n tó mọ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1978, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru ní Ọjọ́bọ̀ kan. Wọ́n ní eyín ni ó ń yọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, tí ojú rẹ̀ jìn, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ sì wọlé, ìyá bàbá mi fi òrí pa á níbẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún un ní omi mọ́, nítorí pé omi tí ń wọlé ni ìgbẹ́ ń rí gbé jáde. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú gbogbo wa. Mo bu omi nínú àmù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyá mi gbé e jókòó sí, mo ń mu ún. Ojú ọmọ náà bá ife mi gòkè, ó sì bá a sọ̀ kalẹ̀. Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́, ó ti kú. Ọmọ kan ti kú ṣáájú rẹ̀ nínú ilé wa, nítorí náà àwọn kan ní àbíkú ni.

Ẹ má tíì bá ìyá bàbá mi wí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n ka ìwé tí wọ́n fi dé fìlà, ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí kọ́lẹ́rà wọ ìlú Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òpin ọdún 1831, ìtọ́jú tí ó wọ́pọ̀ láàárín wọn ni pé kí wọ́n la iṣan aláìsàn kí ẹ̀jẹ̀ lè dà, kí wọ́n sì fún un ní calomel, oògùn oní-mẹ́kúrì tí ń múni yàgbẹ́. Ẹni tí omi ń dà lára rẹ̀, wọ́n tún gbẹ́ kànga mìíràn sí i lára! Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì gbà kí ó mu omi. Ìyá bàbá mi kò gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ilẹ̀ Ireland kan, William Brooke O'Shaughnessy, ẹni ọdún méjìlélógún tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Edinburgh, ni ó lọ sí ìhà ibẹ̀ láti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà wò. Ó rí i pé omi inú ẹ̀jẹ̀ náà ti dín kù, pé iyọ̀ rẹ̀ ti dín kù, pé àwọn ohun tí a kò rí nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́ ni ó sì wà nínú ìgbẹ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní òpin ọdún náà. Ó ti ka igbá méjì. Ẹlòmíràn ni ó gbìyànjú láti dá ohun inú wọn padà: Thomas Latta, oníṣègùn ní Leith, ìlú èbúté tí ó wà létí Edinburgh, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1832.

Mo máa ń ka lẹ́tà tí Latta kọ nípa iṣẹ́ náà bí ẹni ń ka ìtàn àròsọ tí ó dára, nítorí kò fi àṣìṣe pamọ́. Arúgbó obìnrin kan ni ó kọ́kọ́ dán an wò lára rẹ̀, ẹni tí gbogbo ìtọ́jú mìíràn ti jákulẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan apá rẹ̀, ó sì ń fi ìṣọ́ra tì omi iyọ̀ wọlé. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ohun tí ó yípadà. Lẹ́yìn náà ni èémí bẹ̀rẹ̀ sí í já gaara, tí ojú tí ó ti kú bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, tí ìlù iṣan ọwọ́ padà bọ̀. Láàárín ìdajì wákàtí, nǹkan bí lítà mẹ́ta ààbọ̀ ti wọlé. Obìnrin náà ní ara òun ti yá. Oorun nìkan ni ó kù tí òun fẹ́. Latta gbà pé ewu ti kọjá, ó fi í lé oníṣègùn ilé ìwòsàn náà lọ́wọ́, ó sì lọ. Kò pẹ́ tí ó lọ ni èébì àti ìgbẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tún omi fún un. Lẹ́yìn wákàtí márùn-ún ààbọ̀, ó kú.

Ibi tí ìtàn náà dá sí nìyẹn, lójú tèmi. Latta kò ṣe àṣìṣe nípa iyọ̀, kò sì ṣe é nípa omi. Ó dá ohun tí ó ti jáde padà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jókòó ti igbá láti ka ohun tí yóò tún jáde. Òun fúnra rẹ̀ rí i, ó sì kọ ọ́ pé ìbá yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn tí a ń gbé wá fún irú ìtọ́jú yìí ni àwọn tí ikú ti fi ọwọ́ bà. Púpọ̀ nínú wọn kú, wọ́n sì ka ikú wọn sí omi náà lọ́rùn. Latta fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1833. Àjàkálẹ̀ náà rọlẹ̀, àwọn oníṣègùn padà sí ìdí ọ̀bẹ àti calomel wọn.

N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárín ọdún 1882 sí 1883, Sydney Ringer rí i pé ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ tí a gbé sínú omi iyọ̀ ń lù dáadáa nígbà tí wọ́n fi omi ẹ̀rọ pò ó, ṣùgbọ́n tí ó dákẹ́ nígbà tí wọ́n lo omi tí a sẹ́ mọ́ pátápátá. Káṣíọ̀mù tí ó wà nínú omi ẹ̀rọ ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára àwọn omi tí a ń fà sí iṣan aláìsàn títí di òní. Ní Calcutta, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Leonard Rogers fi omi iyọ̀ tí ó ki dín ikú kọ́lẹ́rà kù púpọ̀. Ọ̀nà iṣan ni gbogbo èyí gbà, ọ̀nà iṣan sì ń fẹ́ abẹ́rẹ́, ó ń fẹ́ ìgò tí a sè, ó ń fẹ́ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́. Abúlé tí kò ní ìkankan nínú àwọn wọ̀nyí ńkọ́?

Ní ọdún 1953, ní Calcutta kan náà, Hemendra Nath Chatterjee kọ ọ́ sínú The Lancet pé òun fún aláìsàn 186 tí kọ́lẹ́rà wọn kò le púpọ̀ ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà mu, òun sì fi oje ewé kan kún ìtọ́jú náà. Kò sí ẹni tí ó kú nínú wọn. Ìwé náà jáde, ayé kò sì yíjú. Wọ́n ní kò fi wọ́n wé àwọn ẹlòmíràn tí a kò fún ní omi náà, pé ìlànà ìwádìí rẹ̀ kò pé. Òótọ́ ni pé kò pé. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò láti ọdún pípẹ́ mọ̀ pé ibi tí ìwé ti wá máa ń wà lára ìdí tí a kì í fi í kà á dé òpin.

Ohun tí ó ṣókùnkùn nínú iṣẹ́ Chatterjee ni ipa tí ṣúgà kó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1960, ní ìlú Prague, Robert Crane ṣàlàyé pé glúkóòsì àti sódíọ̀mù jọ ń wọ ara ìfun ni, bí ẹni pé ẹnu-ọ̀nà kan wà tí kì í ṣí àfi bí àwọn méjèèjì bá di ara wọn lọ́wọ́ mú. Omi a sì tẹ̀lé wọn. Oró kọ́lẹ́rà kì í ba ẹnu-ọ̀nà yẹn jẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé, bí ìfun ti ń da omi nù tó, ó ṣì lè gba omi wọlé, bí ṣúgà bá wà níbẹ̀ láti mú iyọ̀ lọ́wọ́.

Síbẹ̀ mímọ̀ kò tíì tó. Ní Manila, ní ọdún 1962, Robert Phillips, oníṣègùn nínú ọmọ-ogun ojú omi Amẹ́ríkà, fún àwọn aláìsàn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà mu. Márùn-ún nínú wọn kú. Ohun tí wọ́n mu kò bá ohun tí wọ́n pàdánù mu. Ọ̀rọ̀ náà dun Phillips tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń bẹ̀rù ìtọ́jú yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, n kò sì lè dá a lẹ́bi.

Ní Dhaka, ní ọdún 1968, ni àwọn ọ̀dọ́ dókítà méjì, David Nalin àti Richard Cash, ti rí ojú ọ̀ràn náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ibùsùn tí wọ́n ń lò níbẹ̀, nítorí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀ ni mo pinnu pé n ó sọ ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ lónìí. Ibùsùn aláṣọ ni, wọ́n dá ihò lu sí àárín rẹ̀ níbi tí ìdí aláìsàn yóò wà. Báàkẹ́ẹ̀tì kan wà lábẹ́ ihò náà, wọ́n sì fa ìlà òṣùwọ̀n sí i. Báàkẹ́ẹ̀tì kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí fún èébì. Igbá méjì! Àwọn olùtọ́jú ń kọ ohun tí ó jáde sílẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, ohun tí wọ́n bá sì kọ ni wọ́n ń wọ̀n padà fún aláìsàn láti mu, kò dín, kò lé. Nípa báyìí, omi tí wọn ìbá fà sí iṣan àwọn aláìsàn náà dín kù ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. The Lancet tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ohun tí Latta kò rí ẹni bá a ṣe ní Leith ni wọ́n fi ìlà sí lára báàkẹ́ẹ̀tì.

Ogun Bangladesh ni ó gbé ìmọ̀ náà jáde kúrò ní ilé ìwòsàn. Ní ọdún 1971, àwọn tí ń sá fún ogun ya wọ ilẹ̀ Íńdíà, kọ́lẹ́rà sì bá wọn wọ̀ ọ́. Ilé ìwòsàn tí ó wà ní Bangaon ní yàrá méjì àti ibùsùn mẹ́rìndínlógún péré fún wọn; àwọn yòókù wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú ìgbẹ́ àti èébì. Omi ìfàsíṣan tán lọ́wọ́ Dilip Mahalanabis tí ó ń darí ìtọ́jú níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n wọn iyọ̀ gíráàmù 3.5, sódà gíráàmù 2.5 àti glúkóòsì gíráàmù 22 fún lítà omi kọ̀ọ̀kan. Yàrá ìkówèésí ni wọ́n ti ń dì í ní Calcutta. Inú mi máa ń dùn sí èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Wọ́n po ó sínú àwọn dúrọ́ọ̀mù tí ó ní ẹ̀rọ lẹ́nu, àwọn ìbátan aláìsàn fúnra wọn ni wọ́n sì ń bù ú fún wọn. Kí àwọn ènìyàn má baà fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí a pò nínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n sọ fún wọn pé omi kan náà tí a ń fà sí iṣan nìyí, pé ẹnu ni a ó máa fi mu èyí. Ikú tí ó ti tó nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ kò tó mẹ́rin lọ́dọ̀ àwọn tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú yìí. Nàìjíríà náà wà nínú kọ́lẹ́rà ní ọdún yẹn gan-an. Àrùn náà ti wọlé dé ní òpin ọdún 1970, àkọsílẹ̀ ọdún 1971 sì fi ènìyàn 22,931 hàn tí ó mú, àti 2,945 tí ó pa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ oko tèmi ni ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ àwọn ìyá ní Bangladesh láàárín ọdún 1980 sí 1990. Ẹgbẹ́ BRAC rán àwọn obìnrin olùkọ́ láti ilé dé ilé, wọ́n sì dé ilé tí ó lé ní mílíọ̀nù méjìlá. Ìka mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣá iyọ̀, ìkúnwọ́ kan ni ṣúgà ìrèké dúdú tí wọ́n ń pè ní gur, omi sì jẹ́ ìdajì òṣùwọ̀n ìbílẹ̀ wọn kan. Wọ́n dín gbogbo ẹ̀kọ́ náà kù sí kókó mẹ́wàá tí ìyá lè sọ lórí. Owó olùkọ́ dá lórí ohun tí àwọn ìyá bá ṣì rántí lẹ́yìn tí olùkọ́ ti lọ, àti bí omi tí wọ́n pò bá ṣe péye tó. Àwa tí a mọ bí akéwì ṣe ń fi iṣẹ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mọ̀ pé àwọn ènìyàn yìí kò fi ìrántí ṣeré. Síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyá tí ó mọ̀ ọ́n pò pọ̀, ìyá tí ó ń lò ó kò tó nǹkan. Wọ́n ṣèwádìí, wọ́n rí i pé àwọn olùkọ́ mìíràn fúnra wọn kì í mu ún nígbà tí inú bá ń yọ wọ́n lẹ́nu! Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń mú àwọn olùkọ́ lọ wo bí omi náà ṣe ń gba aláìsàn là, tí wọ́n sì ń mu lára rẹ̀ lójú àwọn ìyá.

Nílẹ̀ wa, ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé, wà ní ipò mínísítà ìlera láti ọdún 1985 sí 1992 ni omi oníyọ̀ àti ṣúgà di ohun tí gbogbo ilé gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ìgò ọtí bíà kan tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì ni wọ́n fi ń wọn omi, ṣíbí tíì kan tí ó tẹ́jú fún iyọ̀, ṣíbí mẹ́wàá tí ó tẹ́jú fún ṣúgà. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí ohun tí ó wà nílé ni. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà nílé: èrò Yorùbá pé ohun dídùn ni ó ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Báwo ni ìyá ṣe máa fún ọmọ tí inú ń ṣàn ní ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá? Púpọ̀ dín ṣúgà náà kù, wọn kò sì dín iyọ̀. Ẹ rántí ẹnu-ọ̀nà Crane. Ìṣòro kejì ni pé omi yìí kì í dá ìgbẹ́ dúró. Ìyá tí a sọ fún pé oògùn ìgbẹ́ gbuuru ni yóò dà á nù ní ọjọ́ kejì.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, dókítà kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi gbé ìwé pélébé kan wá kí n bá òun wo Yorùbá rẹ̀. Ìwé náà pe omi yìí ní oògùn ìgbẹ́ gbuuru. Ó sọ pé ṣíbí iyọ̀ kan, kò sì sọ pé kí ó tẹ́jú. Ní ọjà wa, ṣíbí kan láìsí àlàyé ni ṣíbí tí ó ga bí òkìtì, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ahun. Iyọ̀ ìlọ́po méjì nìyẹn fún ọmọ tí omi ti tán lára rẹ̀. Mo ti sọ ohun tí sódíọ̀mù tí ó gòkè jù ń ṣe sí ọpọlọ. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì ṣì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìgò ike ti gba ọjà, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti onígíláàsì àtijọ́. Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ. Mo tilẹ̀ dá orúkọ kan sílẹ̀, omi ìdápadàbọ̀sípò, mo sì yin ara mi. A kà á fún àwọn obìnrin kan létí ọjà; ọ̀kan béèrè bóyá ìjọ mi ni wọ́n ti ń bù ú. Òmíràn tí ń ta gààrí ni ó ní ṣé ohun tí mo ń sọ ni omi tí ó ń dípò omi? Mo fa orúkọ tèmi nù, mo sì kọ tirẹ̀. Imọ̀ràn tí ó dára jù ní báyìí ni ìdì ORS tí a ti wọ̀n láti ilé iṣẹ́, nítorí pòtáṣíọ̀mù wà nínú rẹ̀, èyí tí kò sí nínú ti ilé. Àjọ Ìlera Àgbáyé dín sódíọ̀mù inú rẹ̀ kù láti mílímólù 90 sí 75 ní ọdún 2002. Láti ọdún 2004 ni wọ́n sì ti ń gbani níyànjú pé kí á fi oògùn zinc kún un fún ọmọdé, ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Ọmọ tí kò bá lè mu mọ́, tàbí tí ó ń sùn tí kò ṣeé jí, ilé ìwòsàn ni ibi tirẹ̀, kíákíá.

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n padà sí ilé wa. Ní ọdún 1986, ìyá mi kọ́ bí a ti ń po omi yìí ní ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà ládùúgbò wa. Ìyá bàbá mi ti kú nígbà náà. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọ alájọgbé wa bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́, wọ́n sì gbé e wá bá a. Ọmọ ilé-ìwé girama ni mí, èmi ni mo di fìtílà mú. Ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ há orí ṣíbí iyọ̀ kí ó lè tẹ́jú, ó sì há ṣíbí ṣúgà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bẹ́ẹ̀, ó ń kà wọ́n sókè. Bí ó ti ń mì ín ni ó bi mí pé, ṣé mo rántí bóyá iyọ̀ wà nílé ní ọjọ́ Ẹtì ọjọ́sí. Mo ní iyọ̀ wà. Ó ní, ṣúgà ńkọ́? Mo ní ó wà, nínú agolo tíì bàbá mi. Kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó gbé ọmọ ọlọ́mọ náà lé itan, ó sì ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọ náà bá bì í, ìyá mi á dúró díẹ̀, á sì tún bù ú, títí àkùkọ fi kọ.